Ẹ Bi Wá, Ká Jọ Sọ Ọ́: Ilé ìwé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, àtàwọn tó máa ka ìtàn wa

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ tàwọn àgbà tó fẹ́ padà sílé ìwé, ó sì wú mi lórí gan-an ni. Mẹ́ta ni mo mú níbẹ̀, torí pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó fẹ́ kàwé yẹn náà ló tún ń kọ ìtàn. Ti àkọ́kọ́ ló gùn jù, ìdáhùn ẹ̀ náà á sì gùn, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta àdìrẹ, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí. Mo ṣe WAEC lọ́dún 1992, kírẹ́díìtì mẹ́rin ni mo ní, P7 ni wọ́n fún mi ní English, bàbá mi kú lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ ìwé bá parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti jáde yunifásítì, ó ku àbíkẹ́yìn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ ìtàn ọjà lédè Yorùbá sínú gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní kí n tètè kọ èyí tó kù, wọ́n á tún fi ránṣẹ́ sáwọn ẹlòmíì tí mi ò mọ̀ rárá. Ó wù mí kí n di òǹkọ̀wé gidi, kí n ní ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ mi sí lára. Àmọ́ àbúrò mi kan ní òǹkọ̀wé wo ni kò ní dígírì, ó tún ní tí mo bá lọ ń gba dígírì nírú ọjọ́ orí yìí wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, pé ìgbà ara là á búra. Ṣé kí n kọ́kọ́ kàwé kí n tó máa kọ̀wé ni, àbí kí n gbé ọ̀rọ̀ ilé ìwé tì? Ibo ni mo sì ti máa rí àwọn tó máa ra ìwé lọ́wọ́ mi?
Ìyá Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ìyá Aládìrẹ wa, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ẹ má fi ọ̀kan dúró de ìkejì. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ, èyí ni kẹ́ ẹ mú dání jù. Ẹ wọ ilé ìwé, kẹ́ ẹ sì máa kọ ìtàn yín lọ láti ọ̀sẹ̀ yìí, torí àwọn tó ń fi ìtàn yín ránṣẹ́ síra wọn yẹn, kò sí ẹni tó béèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ yín kó tó kà á. Ohun tí àbúrò yín sọ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta níbẹ̀ náà ni, ọdún mẹ́fà ló lò nílé ìwé, iṣẹ́ mẹ́séńjà ló ń ṣe lọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí wọ́n tẹ ìwé ẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1952, gbogbo ayé sì gbọ́ orúkọ ẹ̀. Dígírì kọ́ ló ń sọ èèyàn di òǹkọ̀wé. Síbẹ̀ mi ò ní kẹ́ ẹ torí ìyẹn gbé ilé ìwé tì o, torí bẹ́ ẹ ṣe mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ bàbá yín nínú lẹ́tà yẹn, mo rí i pé ilé ìwé yẹn ń dùn yín lọ́tọ̀, kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwé títà. Ohun tó bá ti ń dun èèyàn láti 1992 títí dòní, ó yẹ kéèyàn lọ ṣe é.

Ti "ìgbà ara là á búra" tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín yẹn, kò yẹ kó jẹ́ ará Abẹ́òkúta lá máa gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. NOUN, ìyẹn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n tún ń kàwé láti ilé, 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i láyé Shagari, nígbà tó di 1984 ìjọba sójà tì í pa, ó wà bẹ́ẹ̀ títí Ọbásanjọ́ fi tún un ṣí lọ́dún 2001. Nígbà tí Ọbásanjọ́ ṣe Ààrẹ tán, òun fúnra ẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń kọ́ nípa ẹ̀sìn Kristẹni, ó kà á títí tó fi gba PhD lọ́dún 2018, ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé owó àti àyè tí Ààrẹ tẹ́lẹ̀ ní kì í ṣe irú tiyín, ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé ẹni tó ti ṣolórí orílẹ̀-èdè jókòó, ó ń ṣe asáìmẹ́ńtì, ojú ò tì í. Kí ló wá dé tójú á ti ẹ̀yin?

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni P7 yẹn. Èsì WAEC kì í kú, ti 1992 yẹn ṣì wúlò dáadáa. NOUN ò béèrè ìdánwò JAMB, ohun tí wọ́n ń béèrè ni kírẹ́díìtì márùn-ún tí English wà lára ẹ̀, wọ́n sì gbà kéèyàn pa èsì ìdánwò méjì pọ̀. Mẹ́rin ti wà nílẹ̀ lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ bá ti rí English mú, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún WAEC tàwọn tí ò sí nílé ìwé mọ́, èyí tí gbogbo wa ṣì ń pè ní GCE, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìkejì tí ọdún bá ti ń rẹlẹ̀. NECO náà ní tiẹ̀ ní November sí December. Ẹ má forúkọ English nìkan sílẹ̀, ẹ fi Yorùbá àti Literature kún un, torí ẹni tó ń kọ ìtàn bíi tiyín, kírẹ́díìtì wà níbẹ̀ fún un. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé láti 2024 ni WAEC ti ń gbé ìbéèrè GCE sójú kọ̀ǹpútà, torí náà ẹ ní kí àbíkẹ́yìn yín jókòó tì yín lójú laptop, kọ́wọ́ yín mọ bí wọ́n ṣe ń mú mouse kó tó dọjọ́ ìdánwò.

Ohun kan wà tó máa ń dí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fínnífínní torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Orúkọ bàbá yín ló wà lórí WAEC 1992, orúkọ ọkọ ló sì ṣeé ṣe kó wà lórí NIN àti ní báǹkì. Tẹ́ ẹ bá fi orúkọ ọkọ ṣe WAEC tuntun, èsì méjèèjì ò ní jọra, yunifásítì á ní èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni wọ́n. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sílẹ̀ lórí tábìlì, WAEC, NIN, sátífíkéètì ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ orí, kẹ́ ẹ wo orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́tà sí lẹ́tà, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ ìbí náà, torí nígbà tá a wà ní kékeré ẹlòmíì ló máa ń bá wa kọ fọ́ọ̀mù, èyí tó bá wu onítọ̀hún ló máa kọ. Ibi tí kò bá bára mu, ẹ lọ búra ní kóòtù, kẹ́ ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn pé orúkọ méjèèjì ẹnì kan ló ni ín, kẹ́ ẹ tọ́jú ojú ìwé tí wọ́n gbé e sí yẹn dáadáa. Ó máa ń gba àkókò, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń ṣe screening kẹ́ ẹ tó máa sáré kiri.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé tán, ẹ̀kọ́ NOUN ò ní kẹ́ ẹ pa ṣọ́ọ̀bù tì. Wọ́n á fún yín níwèé tẹ́ ẹ máa kà, ẹ lè máa kà á lórí fóònù láàárín kọ́sítọ́mà kan sí ìkejì, asáìmẹ́ńtì tí wọ́n ń pè ní TMA á kó ọgbọ̀n máàkì, ìdánwò ìparí sẹ́mẹ́sítà á kó àádọ́rin. Ẹni tó bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú TMA ti ju ọgbọ̀n máàkì nù, bẹ́ẹ̀ ilé ni wọ́n ti ń ṣe é o. Ní ọdún kìíní àti ìkejì, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, apá kan á ní kẹ́ ẹ mú ìdáhùn, apá kejì á ní kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tẹ ọ̀rọ̀ tó sọnù sínú àlàfo, tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ yẹn kọ̀ǹpútà ò ní ṣàánú yín. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń kàwé, ẹ máa fi bírò kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó le sínú ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọ́ lákọtúnkọ. Àti pé orí pọ́tà NOUN fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa sanwó, ẹ má fowó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bá ní òun á bá yín ṣe é, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ yín. B.A. English wà níbẹ̀, Mass Communication náà wà níbẹ̀, èmi a fẹ́ English fún yín, torí wọ́n á mú yín ka oríṣiríṣi ìtàn àti eré, ẹ ó sì rí bí àwọn tó ti kọ̀wé ṣáájú ṣe ń to ìtàn, ẹ ó lè gbé ọgbọ́n yẹn wọ inú Yorùbá yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ra ìwé, ibẹ̀ ni mo ti ń kánjú dé látàárọ̀. Ẹ má rò pé ayé íntánẹ́ẹ̀tì yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún 1929, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, obìnrin kan tó pera ẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló ń fi sọ ìtàn ayé ara ẹ̀, bó ṣe lo ìgbà èwe ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin, bí àìsàn àti ìyà ṣe wá dé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, gbogbo Èkó ń retí ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé obìnrin yẹn wà láàyè lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ olóòtú ìwé ìròyìn yẹn fúnra ẹ̀, Isaac Babalọlá Thomas, ló ń kọ ọ́. Nígbà tó di 1930 tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ níwèé, àwọn tó máa rà á ti wà nílẹ̀ dáadáa, wọ́n ti fi oṣù gbọọrọ bá a rìn. Ohun tẹ́ ẹ ń ṣe nínú gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yin ò tíì tò ó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó rèé. Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ àti wákàtí kan, ká ní ọjọ́ Thursday lágogo mẹ́jọ alẹ́, kó má yẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìgbà tí ìtàn ń bọ̀ á máa retí ẹ̀, ẹni tí ò mọ̀ á gbàgbé yín. Kó má gùn jù, kí wọ́n lè kà á tán kí ọkọ̀ tó dé bọ́sítọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ sì gé e síbi tọ́kàn wọn ò ní lè sinmi. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ka ìtàn yẹn sínú voice note, ẹ̀yin fúnra yín, pẹ̀lú ohùn Ẹ̀gbá yín yẹn, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa lọ́jà ló máa ń gbọ́ Yorùbá kúnná àmọ́ tí Yorùbá kíkà ń sú wọn, àwọn yẹn náà ń ra ìwé, wọ́n á ra fún ọmọ, wọ́n á rà á torí pé wọ́n mọ̀ yín.

Gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe tiyín. Ọjọ́ tí alága bá ní kò sí ìtàn mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ ra síìmù tuntun, kẹ́ ẹ fi WhatsApp sí i, kẹ́ ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba ìtàn pé kó tọ́jú nọ́ńbà yẹn sórí fóònù ẹ̀ kó sì kọ orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tọ́jú nọ́ńbà ni pé broadcast WhatsApp, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ò bá ní nọ́ńbà yín lórí fóònù, ẹ ó kàn máa rò pé ẹ ń fi ránṣẹ́ ni, kò sì sí ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. 256 èèyàn ni broadcast kan ń gbà, tí wọ́n bá kọjá bẹ́ẹ̀ ẹ ṣí òmíì. Ẹ tún wá ra nótì kan, kẹ́ ẹ máa kọ orúkọ wọn, nọ́ńbà wọn, ìlú wọn, kódà ohun tí wọ́n sọ nípa ìtàn, sínú ẹ̀. Ẹ má fojú kéré nótì yẹn o. OkadaBooks, tó jẹ́ pé orí ẹ̀ lọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa ti ń ta ìwé láti bí ọdún 2013, kógbá wọlé ní November 2023, òǹkọ̀wé tí ò ní nọ́ńbà àwọn tó ń ra ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ ara ẹ̀ padà sídìí ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ lè wà lórí Facebook, ẹ lè ṣí channel, ó dáa, kí àwọn tuntun lè rí yín, àmọ́ ẹ máa fi ọgbọ́n kó wọn bọ̀ sínú nótì yín. Ṣọ́ọ̀bù yín gan-an ńkọ́? Obìnrin tó wá ra àdìrẹ ìgbéyàwó, tẹ́ ẹ bá ń di aṣọ ẹ̀ fún un, ẹ fi bébà pélébé kan tẹ́ ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kan sí pẹ̀lú nọ́ńbà yín sínú láílọ́ọ̀nù ẹ̀. Mi ò tíì rí òǹkọ̀wé tó ní irú àyè yẹn, àjèjì ń wá láti Èkó, láti òkè òkun, wọ́n ń dúró níwájú yín, wọ́n ń sanwó.

Nígbà ìdánwò ẹ má jẹ́ kí ìtàn gba àkókò ìwé. Ẹ ti máa kọ àpamọ́ sílẹ̀ kí oṣù ìdánwò tó dé, ìtàn bíi mẹ́rin, márùn-ún, kí ọmọ yín máa bá yín fi ránṣẹ́. Tí kò bá sí àpamọ́, ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ ń lọ ṣèdánwò, pé ẹ ó padà lọ́jọ́ báyìí. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ gan-an ni. Àwọn tó ń ka ìtàn yín, púpọ̀ nínú wọn ló ní P7 tiwọn nílé, tí wọ́n bá rí i pé ẹ ń ṣe é, wọ́n á gbàdúrà fún yín, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín bí àwọn náà ṣe lè ṣe é.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ọjà. Gbèsè ìyá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ọ̀rọ̀ orogún tẹ́nì kan finú hàn yín, ẹ má kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ yí ìlú, ẹ yí ọjà tí wọ́n ń tà, ẹ yí iye ọmọ, títí tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ ò fi ní lè sọ pé òun ni. Tẹ́ ẹ ò bá lè yí i, ẹ fi sílẹ̀. Ti àwọn tó máa gé orúkọ yín kúrò lára ìtàn, wọ́n á ṣe é, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà yín sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi í sí àárín níbi tí wọn ò ti ní lè gé e láìba ìtàn jẹ́. Lójú òfin, látìgbà tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ló ti di tiyín, títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti relé, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé títẹ̀ ló máa kẹ́yìn. Tí nótì yín bá ti kún dáadáa, ẹ sọ fún wọn pé ìwé ń bọ̀, kí àwọn tó fẹ́ ẹ sanwó sílẹ̀, iye tí wọ́n bá san ni kẹ́ ẹ fi pinnu iye tẹ́ ẹ máa tẹ̀ ní Ṣómólú tàbí l'Abẹ́òkúta níbẹ̀, ẹ má lọ tẹ ẹgbẹ̀rún kan kó wá jẹ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Ọ̀dọ̀ National Library lẹ ti máa gba ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ tán òfin ní kẹ́ ẹ kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn. Kí ẹni tó mọ àmì ohùn bá yín wò ó kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Ẹ ti lè máa fi ara yín kọ́ láti ìsinsìnyí, Gboard, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù orí fóònù, ní Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni.

ÌBÉÈRÈ

Ìyàwó mi jẹ́ tíṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, NCE ló ní. Ó ní òun fẹ́ lọ gba dígírì nípasẹ̀ Distance Learning ti UI. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ìtàn tó ń kọ sórí Facebook, nǹkan bí aago mọ́kànlá òru á ṣì máa dáhùn àwọn tó ń kọ̀wé sí i, àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ bínú sọ̀rọ̀, ẹ bá mi wí fún un kó mú ọ̀kan.
Bàbá Káyọ̀dé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Bàbá Káyọ̀dé, ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wá kẹ́ ẹ tó bínú. Mi ò ní bá yín sọ fún un kó mú ọ̀kan, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ti dígírì. Level 7 ni NCE ń wọlé sí níṣẹ́ ìjọba, level 8 ni dígírì, ìyàtọ̀ yẹn á máa bá owó oṣù ẹ̀ lọ títí dé owó ìfẹ̀yìntì, ilé yín lowó yẹn ń bọ̀. NCE á jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní 200 level, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bá a ṣe kíákíá ni kó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kàwé, kó gba ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní bébà kó tó forúkọ sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ìjọba ló máa ń béèrè ìwé àyè yẹn nígbà tó bá fẹ́ yí sátífíkéètì padà.

Ti ìtàn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti kà á rí? Ọkàn yín nínú lẹ́tà yẹn wà lára àwọn tó ń kọ̀wé sí i, ẹ ò sọ ohun kan nípa ohun tó ń kọ. Ẹ ní kó ka ọ̀kan fún yín lálẹ́ òní. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́, tó ń se oúnjẹ, tó tún wá rí ohun tí àjèjì ń fẹ́ kà, tí ọkọ ẹ̀ ò sì kà á, ìyẹn máa ń dùn ún ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá jọ sọ̀rọ̀ aago. Kò sí òǹkàwé kankan tó ní kó dáhùn láàárín òru, ó lè mú wákàtí kan lọ́sàn-án Saturday, kó dáhùn gbogbo wọn ní gbangba lábẹ́ ìtàn, kó má bá ẹnikẹ́ni lọ sínú inbox. Ìyẹn dáa fún iṣẹ́ ẹ̀ gan-an, torí tó bá dáhùn ní gbangba àwọn ẹlòmíì á dá sí i, ìtàn á túbọ̀ rìn. Tó bá di ìgbà ìdánwò ẹ̀, ẹ̀yin àti Káyọ̀dé lẹ máa wọ kíṣìnnì o.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Leeds ni mo wà, iṣẹ́ care, ìyẹn títọ́jú àwọn arúgbó, ni mò ń ṣe, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti gba indefinite, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé níbí láìní gbèdéke. Mo fẹ́ padà sí yunifásítì, mo sì fẹ́ máa kọ nípa ìgbé ayé àwa tó ń ṣe care níbí, ní Yorùbá àti English. Ṣé mi ò ti dàgbà jù fún student finance? Kí ni mo sì lè kọ tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀?
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds

ÌDÁHÙN

Ọmọ Ọwá, o ò dàgbà jù rárá. Owó tí Student Finance England ń yáni láti san school fees, ọjọ́ orí ẹ ò lè dí ẹ lọ́wọ́ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń yáni láti fi jẹun náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ò dàgbà jù fún un. Pẹ̀lú indefinite àti ọdún mẹ́ta tó o ti gbé níbẹ̀, o lè béèrè fún un. Tó bá jẹ́ pé ìwé tó o kà nílé ò tó, Access to HE ni kó o lọ ṣe ní college àdúgbò yín, wọ́n dìídì gbé e kalẹ̀ fáwọn àgbàlagbà tó fẹ́ padà sílé ìwé ni. Tó bá sì jẹ́ pé shift ò ní jẹ́ kó o máa lọ kíláàsì, Open University wà, 1969 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì dígírì wọn ni ò béèrè sátífíkéètì kankan kó o tó wọlé. Kàn mọ̀ pé ẹni tó ń kàwé láti ilé, owó school fees ni wọ́n sábà máa ń yá a, kì í rí ti oúnjẹ gbà, torí náà má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nípa kíkọ, àwọn àgbà tó ò ń tọ́jú, ọ̀rọ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ jáde, kì í ṣe orúkọ nìkan, àìsàn wọn, àdúgbò wọn, ohun tí ọmọ wọn sọ, fọ́tò yàrá wọn, gbogbo ẹ̀. Ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, kò sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ tìẹ wà ńlẹ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ: bọ́ọ̀sì aago márùn-ún ìdájí nínú òtútù, bó o ṣe ń kí màmá nílé lórí fóònù nígbà tí ọwọ́ ẹ ṣì ń rùn hand gel, ìkúnlẹ̀ tá a kọ́ láti kékeré tó máa ń wá fúnra ẹ̀ tí arúgbó òyìnbó bá pè ẹ́ ní daughter. Kọ ìyẹn. Kọ Yorùbá ẹ lọ́tọ̀, kọ English ẹ lọ́tọ̀, má máa túmọ̀ ọ̀kan sí ìkejì, torí àwọn méjì tó ń kà á ò jọra, ará ilé fẹ́ mọ bí ìlú òyìnbó ṣe rí gan-an, àwọn tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ fẹ́ gbọ́ ẹni tó máa sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Nígbà tí ìwé bá wá jáde, lọ bá àwọn láíbìrì àdúgbò yín kí wọ́n ra ẹ̀dà sílẹ̀, kó o sì forúkọ ara ẹ sílẹ̀ fún Public Lending Right lọ́dọ̀ British Library. Òfin 1979 ló ní kí wọ́n máa sanwó fún òǹkọ̀wé tó bá ń gbé níbẹ̀ tí wọ́n bá yá ìwé ẹ̀ ní láíbìrì, ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù ẹ̀, ISBN ìwé ẹ ni wọ́n á béèrè. Fi ìtàn àkọ́kọ́ tó o bá kọ ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á.